Máàpù Tí Àdéhùn Tọ́ka Sí àti Máàpù Lásán: Ọ̀rọ̀ Bakassi àti Ààlà Ọdún 1913

Nínú àpilẹ̀kọ kan tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin àwa onímọ̀ ìtàn, òǹkọ̀wé náà ní bí a bá sáà ti tẹ́ àwọn máàpù àtijọ́ síta, ẹjọ́ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lórí Bakassi ti tán: Kàlàbá ló ni ín, Nàìjíríà ló sì ni Kàlàbá. Àlàyé náà dùn létí. Àmọ́ ó kó gbogbo máàpù pọ̀ sójú kan, bí ẹni tó ka pátákó ojú ilé mọ́ rìsíìtì ilẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan ló yẹ kí a dì mú. Máàpù kan wà tó kàn ń jẹ́rìí ohun tí ẹni tó yà á rí tàbí tó gbọ́. Òmíràn wà tí ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ tọ́ka sí. Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́dún 1986, nínú ẹjọ́ Burkina Faso àti Mali: máàpù nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀, àfi bí wọ́n bá so ó mọ́ ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ wá wo àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe ní March 11, 1913. Abala 18 rẹ̀ mú ààlà gba ibi tí odò Akwayafe ti jìn jù, lápá ìwọ̀-oòrùn Bakassi. Nígbà tó dé àwọn erékùṣù kéékèèké lẹ́bàá Ikang, kò ṣàlàyé mọ́; ó ní kí wọ́n pín wọn bí máàpù TSGS 2240 ṣe pín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òfin níbẹ̀, ojú máàpù ni yóò wò. Bákan náà, ní Yaoundé ní April 1971, Gowon ti Nàìjíríà àti Ahidjo ti Kamẹrúùnù fọwọ́ sí ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù òkun nọ́ńbà 3433. Àdéhùn Maroua ọdún 1975 sì tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Nàìjíríà ní Ìgbìmọ̀ Ológun Gíga kò fọwọ́ sí ti Maroua. Ilé-ẹjọ́ kò gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Nàìjíríà, àdéhùn September 10, 1884 láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọba Kàlàbá ni kó gbé dìde, bí Bọ́lá Ajíbọ́lá ti ṣe nígbà tí òun àti adájọ́ méjì mìíràn kọ̀ láti tẹ̀lé àwọn 13 tó gbé Bakassi fún Kamẹrúùnù ní October 10, 2002. Ta ló fún Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti fi ilẹ̀ tó ní òun ń dáàbò bò tọrẹ? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò sọ ibi tí ilẹ̀ Kàlàbá pin sí.

Mi ò sọ pé ìdájọ́ náà tẹ́ àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀ lọ́rùn, mi ò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwádìí ẹnikẹ́ni. Kí a rọra sọ ọ́: máàpù tí yóò borí abala 18 yóò ṣòro rí díẹ̀.

Ààlà tiwa nílẹ̀ Yorùbá náà ń pè mí. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní August 10, 1889 ló wá ya Kétu sọ́tọ̀ kúrò lára Imẹ̀kọ. A. I. Asiwaju ti lànà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó kù, tí mo fẹ́ dáwọ́ lé, ni láti gbé àwọn máàpù ààlà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní oko baba wọn, láti Imẹ̀kọ títí dé Ìlárá.