Láti Ojú Ìlù Dé Èbúté Dublin: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ọ̀rinrin



Bí oníṣòwò bá di èlùbọ́ sínú kọ̀ńténà ní Àpápá, afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ á bá a wọlé, omi sì wà nínú afẹ́fẹ́ náà tí ojú kò rí. Bí ọkọ̀ òkun bá ti ń sún mọ́ Èbúté Dublin, òtútù á mú irin òrùlé kọ̀ńténà. Omi inú afẹ́fẹ́ á wá sẹ̀ sí i lára bí ìrì, á sì máa kán sórí ẹrù. Òjò inú kọ̀ńténà ni wọ́n ń pe èyí, òun ló sì ń mú kí èlùbọ́ àti kòkó bu. Ta ni yóò wá san owó ẹrù tó bàjẹ́: ẹni tó dì í ni, àbí ẹni tó gbé e? A kò lè dáhùn láìmọ ìgbà tí ọ̀rinrin pọ̀ jù.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀rinrin dáadáa. Nígbà òjò, awọ ojú ìlù á rọ̀, ohùn dùndún á wálẹ̀, onílù á sì sá a sóòrùn tàbí kó fi yáná. Nígbà ọyẹ́, awọ á le. Àgbẹ̀ tó ń sá kòkó á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un, á sì fetí sí i bóyá ó ń dún bí ohun tó gbẹ.

Ohun tí onílù mọ̀ lára awọ ni William Molyneux mọ̀ lára okùn. Ọmọ Dublin ni, Trinity College ló sì ti kàwé. Òun ló ṣáájú àwọn tó dá Dublin Philosophical Society sílẹ̀ ní 1683. Ní 1685, ìwé ìròyìn Royal Society ti London gbé ìròyìn irinṣẹ́ tuntun kan tó ṣe jáde: okùn tí a so rọ̀, tí a so ohun wíwúwo àti ọ̀pá atọ́ka mọ́ nísàlẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá yí padà, okùn á lọ́ tàbí kó tú, ọ̀pá á sì yí. Ní 1783, Horace-Bénédict de Saussure ará Geneva lo irun orí ènìyàn, nítorí irun máa ń gùn sí i bí ọ̀rinrin bá pọ̀. Ní nǹkan bí 1835, James Apjohn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Dublin níbí, ṣe ìṣirò tí a fi ń mọ ọ̀rinrin láti ara tẹmómítà méjì, ọ̀kan gbígbẹ, èkejì tí a fi aṣọ tútù wé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró wo okùn tàbí irun nínú kọ̀ńténà tí a ti tì pa? Iná mànàmáná ló yanjú èyí. Ẹ wo ìpẹtà: irin àti ọ́síjìn tó para pọ̀ ni. Irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ti alumíníọ́mù, ti tin tàbí ti zinc, ni àwọn onímọ̀ ń lò. Ní 1953, Ansbacher àti Jason ṣàlàyé bí ọ̀rinrin ṣe ń yí bí irú ojú alumíníọ́mù bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba iná padà. Bí omi inú afẹ́fẹ́ bá bà lé e, iná á túbọ̀ rọrùn láti kọjá. Ẹ̀rọ á wọn ìyàtọ̀ náà, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lóde òní, wọ́n ń ṣe ìdàpọ̀ yìí ní wóró tàbí fọ́nrán tó kéré débi pé nanomita ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Ẹ fi wé iṣu gbígbẹ tí a lọ̀ di èlùbọ́: bó ṣe ń kúnná sí i ni ojú tí omi lè bà lé ń pọ̀ sí i, tó sì ń tètè mu omi. Ní Trinity College tí Molyneux lọ, ilé ìwádìí kan wà tó ń jẹ́ CRANN, tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ohun tín-ín-tìn-ín báyìí. Igi ni crann ní èdè àwọn ará Ireland.

Etí àgbẹ̀ Oǹdó kì í tàn án, ṣùgbọ́n kò lè gbé etí náà wá jẹ́rìí ní Èbúté Dublin. Ẹ̀rọ kékeré inú kọ̀ńténà ló lè sọ pé ọjọ́ báyìí, agogo báyìí, ni ọ̀rinrin kọjá ààlà. Ìmọ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀ kì í rí owó rẹ̀ gbà lọ́jà àgbáyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ bi onílù léèrè ìdí tó fi ń mú ìlù yáná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yín léèrè ohun tí omi ń ṣe lójú tin àti ọ́síjìn. Ìbéèrè kan náà lẹ bi àwọn méjèèjì.