Ọkọ̀ Ojú Irin Oníke Àtòpọ̀ àti Fífi Mọ́tò sí I

Ọkọ̀ ojú irin oníke àtòpọ̀ ni ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ rélùwéè tí ilé-iṣẹ́ ń tà ní ẹyọ-ẹyọ nínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Àwọn tó lórúkọ jù nínú ti àtijọ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìparí àwọn ọdún 1950 àti àwọn ọdún 1960. Wọn kì í ní mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Wíwò ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ni àwọn tó fẹ́ràn wọn ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi rìn lórí irin, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà jù.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ Rosebud ní Raunds, ní Northamptonshire, jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bèbí. T. Eric Smith ló ni ín. Ní 1959, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin oníke lábẹ́ orúkọ Kitmaster, láàárín bí ọdún mẹ́ta ó sì ti mú nǹkan bí ọgbọ̀n irú jáde. Nínú wọn ni Rocket tí Stephenson fi borí nínú ìdíje Rainhill ní 1829 wà, àti General ti Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ọmọ ogun jí gbé lásìkò ogun abẹ́lé wọn ní 1862. Ẹ́ńjìnnì Stirling náà wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, pẹ̀lú Deltic tó ń lo dísù, Crocodile ti Switzerland, àti àwọn kan láti Jámánì, Faransé àti Ítálì. Evening Star ni mo rò pé ó yẹ kí a dárúkọ sọ́tọ̀. Òun ni ẹ́ńjìnnì olóoru omi tí rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kẹ́yìn, ní Swindon ní 1960, kò sì pẹ́ tí ògidì jáde tí Kitmaster fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ní 1962, Rosebud ta gbogbo mọ́ọ̀dù Kitmaster, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà oníke, fún Airfix, ilé-iṣẹ́ tí Nicholas Kove, ọmọ Hungary, dá sílẹ̀ ní 1939. Ohun tó fa títà náà kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Èyí tí a máa ń gbọ́ jù ni pé mọ́ọ̀dù irin ń gba owó gọbọi kí páálí àkọ́kọ́ tó tà, àti pé irú tuntun tí wọ́n ń mú jáde ní kíákíá ló jẹ owó ilé-iṣẹ́ náà tán. Ó sì lè jẹ́ pé ọjà fúnra rẹ̀ ló kéré, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ ọkọ̀ tó ti ń rìn kó tó kúrò nínú páálí. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jọ ṣẹlẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kan.

Airfix ti ń ta ilé ìdúró ọkọ̀, ilé sígínà, afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù oníke tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì Kitmaster ló tún tẹ̀ jáde. Nígbà tí Airfix wọ gbèsè ní 1981, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Palitoy, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Dapol ra àwọn mọ́ọ̀dù rélùwéè náà.

Títò

Ike tí wọ́n fi ṣe wọ́n ni polystyrene. Wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù, bó bá tutù, gbogbo ẹ̀yà á wà lára igi ike kan ṣoṣo. Abẹ la fi ń gé ẹ̀yà kúrò, kì í ṣe pé kí a yí i títí yóò fi já. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í lẹ ike bí àtè, ṣe ló ń yọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn, nítorí náà ohun tó bá ti gbẹ kò ṣeé tú mọ́ láìfọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí a ti lò ó. Kíìtì, ìyẹn ọkọ̀ àtòpọ̀ tí a kò tíì tò, tó bá ti pẹ́ nínú páálí lè ti wọ́. Omi gbígbóná díẹ̀ àti sùúrù lè tún un ṣe. Kí a kun àwọn ẹ̀yà tí ọwọ́ kò ní lè dé mọ́ kí a tó lẹ̀ wọ́n.

Fífi mọ́tò sí i

Ìṣòro mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní, ẹsẹ̀ oníke kì í gbé iná. Lórí ọ̀pọ̀ rélùwéè kékeré, irin kan ló ń gbé iná wá, èkejì ló ń gbé e padà, volt 12 sì ni iná náà kì í sábà kọjá. Bí ẹsẹ̀ kò bá jẹ́ irin, mọ́tò kò ní rí iná jẹ. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì bá sì jẹ́ irin tó kan ara wọn nípasẹ̀ ọ̀pá àárín, iná yóò pàdé, yóò sì jó. Ẹsẹ̀ onírin tí ike ya àárín rẹ̀ kúrò lára ọ̀pá ni a ń rà rọ́pò. Èkejì, ike fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tó fúyẹ́ á máa yọ̀ lórí irin láìfa ohunkóhun. Inú àgbá omi rẹ̀ tó ṣófo ni a ń ti òjé bọ̀, kí ìwúwo wà lórí àwọn ẹsẹ̀ tó ń fa ọkọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òjé, kí ó fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Ẹ̀kẹta ni ooru. Polystyrene bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá sún mọ́ ọgọ́rùn-ún digirí, mọ́tò tó há tàbí tí a fi iná jù sí lè ba ara ẹ́ńjìnnì jẹ́ kí olówó rẹ̀ tó fura.

Kitmaster fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àwọn oníbàárà ń fẹ́ ọkọ̀ tó ń rìn. Ó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí mọ́tò wà nínú rẹ̀, tí yóò dúró sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí yóò sì máa tì í. Ó tún ṣe ẹsẹ̀ onímọ́tò tí a lè fi sábẹ́ kẹ̀kẹ́ èrò. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yìí kò jẹ́ kí a gé ohunkóhun, òun ni mo sì gbà níyànjú fún ẹni tí kíìtì ọwọ́ rẹ̀ ti di ohun ọ̀wọ́n.

Ọ̀nà kejì ni kí a yọ ìsàlẹ̀ oníke kúrò pátápátá, kí a gbé ara ẹ́ńjìnnì lé ìsàlẹ̀ onírin tó ti ní mọ́tò, irú ti ilé-iṣẹ́ Tri-ang tàbí Hornby. Kí a wọn àlàfo àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì kí a tó rà á. Ìyàtọ̀ mìlímítà kan hàn sí ojú. Fún ẹ́ńjìnnì dísù bíi Deltic, ẹsẹ̀ onímọ́tò tí Tenshodo ṣe ní Japan rọrùn jù, nítorí abẹ́ rẹ̀ lásán ni a ń dè é mọ́.

Ọ̀nà kẹta le jù, òun náà ló sì dára jù: kí a fi idẹ pẹlẹbẹ ṣe ìsàlẹ̀ tuntun fúnra wa. Ọ̀pá tó jáde láti inú mọ́tò ní irin kan tó lọ́ bíi skúrù, òun ló ń yí gíà tó wà lára ọ̀pá ẹsẹ̀. Bí gíà náà bá ní eyín ogójì, mọ́tò yóò yí nígbà ogójì kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni ọkọ̀ fi ń rìn jẹ́jẹ́ bíi ti gidi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni irin tó so àwọn ẹsẹ̀ pọ̀. Ti apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan ṣáájú tàbí kẹ́yìn ti apá òsì, lórí gbogbo ọ̀pá láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọ̀pá kan bá yàtọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ yóò máa tiro. Kí a fi ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ náà lórí gíláàsì kí mọ́tò tó wọ inú rẹ̀. Bí kò bá yọ̀ dáadáa lọ́wọ́, iná kò ní tún un ṣe.

Ìwọ̀n, àti rélùwéè Nàìjíríà

Ìwọ̀n tí Kitmaster lò jù ni OO, ìdá mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ọkọ̀ gidi, lórí irin tí àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Ojú irin tí àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1435 ni wọ́n ní lọ́kàn. Irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó ní Èkó ní 1896, tí a ṣí títí dé Ìbàdàn ní 1901, tóóró ju bẹ́ẹ̀ lọ: mìlímítà 1067. Bí a bá fi ìwọ̀n HO, ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, kín in kù, yóò di bíi mìlímítà 12.3. Irin mìlímítà 12 tí wọ́n ń tà fún ìwọ̀n TT bá a mu. Tíráàmù olóoru omi ti Èkó, tó ṣiṣẹ́ láti 1902 sí 1933, lo mìlímítà 762. Ìyẹn sún mọ́ mìlímítà 9 ní HO, a sì lè lo ìsàlẹ̀ àti mọ́tò ìwọ̀n N tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021 jẹ́ 1435, irin OO àti HO tó wọ́pọ̀ sì tó fún un.

Kitmaster kò ṣe ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Áfíríkà kankan. Èyí tó sún mọ́ tiwa jù ni Beyer-Garratt, ẹ́ńjìnnì gígùn tó ní ìsọ̀rí ẹsẹ̀ méjì, tí àgbá omi gbígbóná wà láàárín wọn. Beyer Peacock ní Manchester ṣe Garratt fún rélùwéè Nàìjíríà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kíìtì náà jẹ́ ti rélùwéè LMS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ àti ìbú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó lè kọ́ni ní bí Garratt ṣe ń ṣiṣẹ́, kò lè di ti Nàìjíríà láìtún un ṣe púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì River tí Vulcan Foundry bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún Nàìjíríà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kan lé àwòrán rẹ̀, ni ó yẹ kí ẹnìkan ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀ lónìí.

Ní Ìbàràpá

Ojú irin kò dé Ìbàràpá, agbègbè tí Igbó-Ọrà àti Èrúwà wà. Abẹ́òkúta ló gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ará Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà tó fẹ́ wọkọ̀ ojú irin lè lọ. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ náà kò ṣàjèjì. Agolo sàdíìnì, pòròpórò àgbàdo àti sálúbàtà tó ti já ni àwọn ọmọ fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré, atúnrédíòṣe sì mọ mọ́tò kékeré inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì àti DVD tó bàjẹ́. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í sábà fẹ́ volt 12. Bátìrì tí a fi sínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tó o, ó sì mú ìṣòro iná orí irin kúrò pátápátá. Gíà nìkan ni kò gbọdọ̀ ṣàìsí, torí mọ́tò wọ̀nyẹn máa ń yára jù.

Ohun tó wọ́n jù fún ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà ni àwòrán tó ní ìwọ̀n lórí. Jaekel House ní Èbúté Mẹ́tta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 tí ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ṣe, ní fọ́tò àtijọ́, Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, tí fọ́tò tàbí ìwé àwòrán ẹ́ńjìnnì ṣì wà nínú àpótí wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ún, ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti yà á sẹ́yìn rẹ̀.