Ọwọ́ Ìyá Mi Lórí Ìwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí àwọn ayàwòrán kan fi ń ya ènìyàn wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ jẹ́ kí n ti Bẹyẹrúnkà dáhùn.

Lọ́dún tí bàbá mi kú, ilé-ìwé girama ni mo wà. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó káwọ́ lérí, kò sunkún. N ò mọ ohun tí mo lè sọ, ni mo bá mú pẹ́ńsù, mo yà á. Nígbà tí mo gbé e dé kíláàsì, olùkọ́ fi bíírò pupa kọ ọ́ pé ọwọ́ ti tóbi jù. Òótọ́ ni, ọwọ́ tó ń gbé ẹrù lọ sí Ọjà'ba yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orí mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ fi kílínà pa á rẹ́. Ìyá mi gbà á, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Bó ṣe wúwo lọ́jọ́ yẹn nìyẹn."

Ohun tí àwọn ayàwòrán Jámánì tí à ń pè ní Expressionist ń wí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí nǹkan ṣe rí nínú ẹni ni kí a yà. Lọ́dún 1903, Käthe Kollwitz jókòó síwájú díńgí, ó gbá Peter ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 7, mọ́ra, ó ń ya ìyá tó gbé òkú ọmọ lọ́wọ́. Ogun pa Peter yẹn lọ́dún 1914.

Ṣé àjèjì ni èyí sí Yorùbá? Rárá o. Tí ìbànújẹ́ bá dé, a ní inú wa bàjẹ́. Tí ẹ̀rù bá bà wá, àyà wa já. Ara là ń fi sọ ọ̀rọ̀ ọkàn. Àwọn agbẹ́gilére wa náà ń gbẹ́ orí kó tóbi ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí ipò tí orí wà. Àmọ́ ojú ère máa ń tutù, ó fara balẹ̀. Pẹ́ńsù ní tirẹ̀ kò lè fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n pa mọ́.

Ní Ìbàdàn níbí ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Lọ́dún 1961, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti àwọn mìíràn dá Mbari sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ Karl Schmidt-Rottluff, ọ̀kan nínú àwọn ará Jámánì yẹn, dé ibẹ̀. Mbari tẹ ìwé àwòrán Uche Okeke jáde lọ́dún 1961, ó sì tẹ ti Ibrahim el-Salahi ará Sudan lọ́dún 1962. Lọ́dún 1975, wọ́n ju Salahi sẹ́wọ̀n ní Khartoum láìṣẹjọ́. Àwòrán yíyà di èèwọ̀ níbẹ̀. Ó ń yà á sórí àjákù ìwé, ó ń rì í mọ́ inú yanrìn. Ẹni tí àwòrán bá ti di èémí fún ló lè fi ara wéwu bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ti lọ. Inú àpótí rẹ̀, láàrin aṣọ òkè, ni mo ti bá ìwé náà. Kò sọ fún mi rí pé òun tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe.