Ilé Tí Àwọn Bàbá Wa Kọ́ sí Gánà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé tàbí Ta Ilé ní Ìdálẹ̀

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ọdún yìí lórí ilé rírà àti ilé títà, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ra ilẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń gbé, àwọn àgbà mìíràn sì fẹ́ ta ilé kí wọ́n lè padà sí ìlú wọn. Èmi kò mọ ibòmíràn tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀ ju Gánà lọ. Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ta ilé oníyàrá mẹ́jọ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ojú mi ni ó sì ṣe.

Àwọn èèyàn wa ti ń lọ sí ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́ kí òmìnira tó dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Ogbomọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta nǹkan wẹ́wẹ́ orí àtẹ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Accra, Kumasi, Tamale, Yendi àti àwọn ìlú kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà. Ní Accra, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nítorí àwọn tó ti ọ̀nà Nàìjíríà wá. Accra New Town ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a gba yàrá kan ní Sọ́ńgò. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ sẹ́nu, ilé àkọ́kọ́ tí yóò kọ́, ilé ìlú rẹ̀ ni, nítorí pé ẹni tí kò ní ilé nílé, wọn kì í kà á mọ́ èèyàn nígbà ọdún iléyá tàbí Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ra ilẹ̀ ní Gánà, yóò kọ́ yàrá yí àgbàlá ká, yóò gbé inú méjì, yóò fi ìyókù háyà. Owó háyà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi lọ sí ilé ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni ìwé. Ẹlòmíràn gbé ọtí àti owó lọ bá ìjòyè, wọ́n sì fi ìka tẹ bébà fún un. Ẹlòmíràn ra ilé lọ́wọ́ oníṣòwò bíi tirẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì lásán. Àwọn díẹ̀ ló ní ìwé gidi, tí awọnlẹ̀ ti wọn ilẹ̀ rẹ̀, tí ìjọba ti fi òǹtẹ̀ lù, tí wọ́n kọ ọdún 99 sí. Ẹ̀rí tí àwọn yòókù ní ni pé gbogbo àdúgbò mọ̀ pé àwọn ló nilé. Àdúgbò a máa gbàgbé o.

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1969. Èyí tí gbogbo èèyàn rántí ni àṣẹ tí ìjọba Kofi Busia pa ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ láti gbé ìlú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó fi Gánà sílẹ̀. Èkejì ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn, kò sì pariwo rárá. Òun ni Òfin Ìpìlẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. N óò padà sórí rẹ̀, nítorí pé òun gan-an ló ń bá àwọn ọmọ wa jà títí di òní.

Nígbà tí àṣẹ náà jáde, ọjà Kumasi dàrú. Ẹni tó ní igbá aṣọ ń tà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ń tà á. Bàbá mi rò pé wọn óò sún ọjọ́ náà síwájú, ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò lórí ìyẹn. Ọkùnrin kan wá ná ilé wa. Iye tó kọ́kọ́ dá kò burú, bàbá mi sì ní kó fi nǹkan kún un. Nígbà tó tún padà wá, ìdajì iye àkọ́kọ́ ló dá. Ó mọ iye ọjọ́ tó kù fún wa ju àwa fúnra wa lọ. Bàbá mi fọwọ́ síwèé láìsí lọ́yà, ó gba apá kan owó náà lọ́wọ́, wọ́n sì ní awakọ̀ kan yóò mú ìyókù wá bá a nílé. Ó kó ìwé ilé fún wọn, ojúlówó ìwé náà, kò sì fi ẹ̀dà kankan pa mọ́. Sidì tó gbà, owó lọ́rì ni ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ san. A dé Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé kò tí ì parí. Awakọ̀ náà kò dé títí bàbá mi fi kú.

N kò fi bẹ́ẹ̀ dá ẹni tó rà á lẹ́bi. Ọjà ló wá ná. Àwa náà ra ẹrù àwọn ará Gánà ní ọ̀pọ̀ nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé wọn ní oṣù Kìíní ọdún 1983, a ò sì béèrè bóyá ó dùn wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ti àwọn aládùúgbò wa méjì tí wọn kò ta tiwọn. Ọ̀kan fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó ní kó máa gba owó háyà pa mọ́ fún òun. Ọ̀rẹ́ náà jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá rí ẹni mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ju pé bàbá àwọn ló ń gba owó ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú. Nígbà tí onílé yóò fi rí owó ọkọ̀ padà lọ béèrè, ó ti pé jù. Òfin Gánà ti ọdún 1972 fún ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ní ọdún 12 láti pe ẹjọ́. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ lè má gbọ́ ọ mọ́, kódà bí ìwé rẹ bá dára.

Èkejì kò mọ̀wé ju bàbá mi lọ, ṣùgbọ́n ó lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kí ó tó kúrò. Wọ́n kọ ìwé àṣẹ fún ayálégbé kan láti máa ṣojú rẹ̀, wọ́n kọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe sínú rẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ lọ́yà, ọ̀kan lọ́wọ́ ayálégbé, ọ̀kan sì bá a dé Ọ̀fà. Ìwé yẹn kò gbà á láyè láti ta ilé, kìkì kó gba owó kó sì tún òrùlé ṣe. Nígbà tí ọkùnrin náà padà lọ, ilé rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kú pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Bí bàbá yín bá ti kú, ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ ní Gánà kò ṣojú ẹnikẹ́ni mọ́, àfi kí ẹ̀yin ọmọ lọ gba ìwé ní ilé ẹjọ́ tó fún yín ní agbára lórí ohun ìní rẹ̀, kí ẹ sì yan aṣojú tuntun.

Ó wá ku ti Òfin Ìpìlẹ̀. Èyí tí Gánà ń lò báyìí, ti ọdún 1992, sọ ọ́ kedere nínú abala 266. Àjèjì kò lè ní ilẹ̀ Gánà títí láé. Yíyá ni ó lè yá a, yíyá náà kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àjèjì tó bá sì ti ní ilẹ̀ tí kò ní gbèdéke ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, òfin sọ ọ́ di ilẹ̀ àyálò ọdún 50, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣì ní ju ọdún 50 lọ nígbà náà, wọ́n gé e sí ọdún 50 bákan náà. Ìwé ọdún 99 tí àwọn bàbá wa fi ń yangàn di ìwé ọdún 50 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá sílé wa sọ fún wa.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ó pé. Aládùúgbò wa tó fi ọgbọ́n pa ilé rẹ̀ mọ́ yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba owó háyà títí di òní, wọn kò sì mọ̀ pé ọdún tó wà nínú ìwé bàbá wọn ti tán. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti títí láé tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Ààrẹ ni ó padà sí fún àwọn ará Gánà. Bí ó bá jẹ́ àyálò, ọ̀dọ̀ ẹni tó yá wọn ni. Ẹni tó bá wà nínú irú ọ̀ràn yìí, kí ó má ṣe sá pa mọ́, kí ó má sì ṣe yára lọ tà á fún ẹlòmíràn bíi pé ilé rẹ̀ ni títí ayé. Kí ó wá lọ́yà tó ń gbé ìlú náà, kí wọ́n jọ lọ sí Lands Commission, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè bí wọ́n ṣe lè gba ọdún mìíràn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní irú ìyá bẹ́ẹ̀, a kì í sì í rántí sọ ọ́ fún lọ́yà.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Gánà lónìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọdún tó kù. Bí àjèjì bíi tìrẹ bá fẹ́ ta ilé fún ọ, tí ó sì ti lo ọdún 38 nínú 50, ọdún 12 ni o ń rà, kì í ṣe ilé. Kí iye tí o óò san jọ ọdún 12. Ìkejì ni ẹni tó ni ilẹ̀. Ní Kumasi àti agbègbè rẹ̀, ilẹ̀ ìtẹ́ ọba pọ̀. Òfin kò sì gbà kí wọ́n ta ilẹ̀ ìtẹ́ ọba fún ẹnikẹ́ni títí láé, ọmọ Gánà ì báà jẹ́. Lands Commission sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé bí wọ́n ṣe pín in bá ètò ìlú mu. Nítorí náà ọtí tí o gbé fún ìjòyè kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí nìkan kò tó, àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ní ìhà àríwá Gánà, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba nígbà ayé bàbá wa ti padà sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀, nítorí náà ìwé àtijọ́ láti ọwọ́ ìjọba ní Tamale nílò kí lọ́yà tún un wò. Òfin ilẹ̀ tuntun ti ọdún 2020 fi ìyà sí i fún ẹni tó bá ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì, ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ ọ̀daràn kò dá owó rẹ padà fún ọ. Lọ yẹ àkọsílẹ̀ wò kí o tó sanwó. Lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán, tún lọ ní alẹ́, kí o bá ayálégbé sọ̀rọ̀ láìsí ejẹ́ńtì níbẹ̀.

Àwọn ará wa ní Côte d'Ivoire, ẹ rántí pé òfin ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1998 kò fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà láyè láti ní ilẹ̀ oko. Ní Abidjan, ìwé tí olórí abúlé fún yín, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ìwé tí wọ́n ń pè ní ACD ni kí ẹ lé dé òpin.

Àwọn tó wà ní Òkè Ọya lè sọ pé àwọn kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọdún 1910 ni ìjọba òyìnbó ti gba àkóso ilẹ̀ Àríwá, kódà kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Kano ní 1911, tí Sabon Gari fi di ilé fún wa. Òfin Ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 wá tan irú rẹ̀ ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ta ilé tó ní ìwé gómìnà láìgba àṣẹ gómìnà, títà náà kò dúró. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi èyí hàn ní ọdún 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, níbi tí ilé ìfowópamọ́ odindi ti pàdánù ilé tí wọ́n fi dúró fún owó tí wọ́n yáni.

Ní ti títà, n óò sọ ti bàbá mi nìkan. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun óò padà sílé lọ́dún márùn-ún sí i, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé rẹ̀ ṣe báyìí, kí ó tó di pé ó gbé pátákó síta. Má ṣe sọ ọjọ́ tí o ń lọ fún ẹni tó wá ná ilé. Kí ìyàwó àti àwọn ọmọ mọ̀. Kí owó gba ilé ìfowópamọ́ kọjá, kí ó pé kí ojúlówó ìwé tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Gbólóhùn tó ní “ìyókù ń bọ̀” kò gbọdọ̀ sí nínú àdéhùn náà, àyàfi tí ọjọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá dé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ilé Gánà ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ lè bá a wo ọjọ́ àti ọdún tó wà níbẹ̀. Ẹ̀dà ni mo wí. Ẹ fi ojúlówó sílé.