Àwòrán Tí Ọlọ́pàá Yà
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọlọ́pàá ló ya àwòrán yẹn, kì í ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ní 1964, Gerri Santoro kú sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Connecticut. Ọkùnrin tí kì í ṣe dókítà ló ń bá a ṣẹ́yún, ó sì sá fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1973, lẹ́yìn ìdájọ́ Roe v. Wade, ìwé ìròyìn Ms. tẹ àwòrán òkú rẹ̀ jáde láìdárúkọ. Wọ́n gbé e káàkiri nínú ìwọ́de. Ó ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ inú ìwé ìròyìn náà ni Leona, ọmọ ìyá rẹ̀, ti dá a mọ̀! Èyí ṣì ń dùn mí. Ní 2016, Laia Abril, ọmọ Spain, gba ọ̀nà mìíràn ní Arles: ó ya àwọn irinṣẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn obìnrin tó yè é fẹnu ara wọn sọ ọ́.