Wáyà Méjì Lára Ògiri: Bí Tẹlifóònù Ṣe Dé Accra Tí Kò Wọ Ilé

Lára ògiri ilé tí mo ń gbé ní Kokomlemle, lókè fèrèsé ilé ìdáná, wáyà dúdú kan wà tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn. Orí òpó tó wà lẹ́nu géètì ló ti wá, ó sì parí sínú àpótí kékeré kan tí aláǹtakùn ti fi ṣe ilé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó débẹ̀, mo rò pé ti iná mànàmáná ni. Ìyá onílé wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Auntie, ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà tẹlifóònù ni. Ọkọ òun, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ló mú un wọlé, ilé mẹ́ta péré ló sì ní in ní òpópónà yẹn nígbà náà. Àwọn aládùúgbò a máa wá gba ìpè lọ́dọ̀ wọn. Bí ìpè bá wọlé, ọmọdé kan á sáré lọ pe ẹni tí wọ́n ń béèrè, ẹni tó pè á sì máa dúró dè é lórí ìlà, owó rẹ̀ á máa jó.

Mo ṣí àpótí náà. Wáyà bàbà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, ó ti ṣe dúdú.

Méjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní ojúkò tẹlifóònù, ìyẹn ilé tí ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ wà, wáyà méjì méjì ló ń ti ibẹ̀ lọ sí ilé oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Iná bátìrì ojúkò, fóltì 48, wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí o bá gbé fóònù sókè, wáyà méjèèjì so pọ̀: iná gba ọ̀kan lọ, ó gba èkejì bọ̀, ojúkò á sì mọ̀ pé o fẹ́ sọ̀rọ̀. Nítorí àlọ àti àbọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń pè é ní loop. Èmi ó máa pè é ní wáyà ilé. Ó lè gba inú kébù ńlá abẹ́ ilẹ̀, kó dé àpótí irin kan létí títì, kó tibẹ̀ gun òpó, kó tó wọ ògiri ẹni.

Kò sí ẹlòmíràn tó ń bá ọ lo wáyà ilé. Wáyà tó so ìlú kan mọ́ ìkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń pín in lò. Ẹ̀rọ ojúkò, gbogbo oníbàárà ló jọ ni ín. Ṣùgbọ́n wáyà tó wọ ilé rẹ, tìrẹ nìkan ni, bí o bá sì pè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà lórí òpó tí yóò máa dúró dè ọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń gba owó jù nínú iṣẹ́ tẹlifóònù, níbikíbi láyé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kan kà sí ènìyàn, kó wo ibi tí wọ́n fa wáyà ilé dé.

Mo ń sọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ ní ìpàdé, tí mo ti kà nínú ìwé, tí ó sì ti sú mi: pé ilẹ̀ Áfíríkà “fo” wáyà kọjá, pé a gbọ́n débi tí a fi bẹ́ láti orí òfo bọ́ sórí fóònù alágbèéká. Ó jọ ìyìn. Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe rí ní Accra.

Ní 1881 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì fa wáyà tẹ́lígíráàfù àkọ́kọ́ ní Gold Coast, máìlì 10, láti Cape Coast dé Elmina. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fa èyí tí ará ìlú lè lò láàárín Christiansborg àti Accra, máìlì méjì ààbọ̀. Ọdún tó yẹ ká dúró lé lórí ni 1886. Ọdún náà ni kébù abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí Accra, tó so ó mọ́ Freetown ní apá kan àti Èkó ní apá kejì, tí ọ̀rọ̀ sì lè gba ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Gómìnà lè tẹ wáyà sí ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Oníṣòwò tó wà ní Jamestown tó fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ ní Osu sọ̀rọ̀, ọmọ ni yóò rán níṣẹ́, tàbí kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Ọdún mẹ́fà gbáko kọjá kí Accra tó ní ojúkò tẹlifóònù tirẹ̀, ní 1892. Ìlà 70. Nínú ìlú tó ti jẹ́ olú-ìlú ìjọba amúnisìn láti 1877, kò ṣòro láti mọ irú àwọn tí 70 náà máa jẹ́. Ìkejì, ní Cape Coast, kò dé títí di 1904, ìlà 13 péré ni. Òkun ni wọ́n kọ́kọ́ là já. Ojú títì ló nira.

Ọdún 1892 yẹn kan náà, ní oṣù kọkànlá, wọ́n ṣí ojúkò aládàáṣiṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ará ìlú ń lò, ní La Porte, ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ronú kan ẹ̀rọ náà ni Almon Strowger, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìsìnkú ní Kansas City. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó fura sí obìnrin tó ń so wáyà ní ojúkò, pé ó ń darí ìpè àwọn olóòkú sọ́dọ̀ asìnkú mìíràn. Bínú-bínú, ó ṣe ẹ̀rọ tí kò nílò ẹnikẹ́ni láàárín olùpè àti ẹni tí wọ́n ń pè.

Accra kò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àfi ní 1953, ìlà 200. Ọdún 61 ló wà láàárín La Porte àti Accra. Ní gbogbo ọdún náà, bí o bá gbé fóònù ní Accra, ohùn ènìyàn ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, o máa sọ nọ́ńbà tí o fẹ́, òun á sì ki okùn bọ ihò rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń pe ta, ó sì mọ àkókò. N kò sọ pé wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ olóṣèlú ní 1948 tí ìlú gbóná. Mo kàn ń sọ pé nínú ìlú tí ìjọba ló ni ojúkò, tí ó sì ni ẹni tó jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́n kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú wáyà.

Ní ìparí 1930, gbogbo ìlà tó wà ní Gold Coast jẹ́ 1,560. Ní 1963, lẹ́yìn òmìnira, àwọn oníbàárà ti lé ní 16,000, fóònù tó wà lára ìlà wọn sì jẹ́ 32,000. Ẹ wo iye méjèèjì dáadáa. Fóònù méjì ló wà lórí ìlà kan, bí a bá pín in dọ́gba. Ilé tálákà kì í ní fóònù méjì. Bí mo ṣe kà á sí nìyí: ọ́fíìsì àti ilé àwọn ọ̀gá ni wáyà náà ń lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lọ láyé òyìnbó. Àsíá ti yí padà, àmọ́ ọ̀nà tí wáyà ń gbà kò yí púpọ̀.

Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Accra New Town sí ilé wa. Lagos Town ni wọ́n ń pè é nígbà tí àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìnísà pọ̀ níbẹ̀, kí àṣẹ 1969 tó lé wọn padà sílé. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n sì lówó lọ́wọ́. Síbẹ̀, lẹ́tà àti ẹnu àwọn awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ìyá tó ń ṣàìsàn ní Ọ̀ffà lè gbọ́ nígbà tí wọ́n ti sin ín tán. Mo gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìdílé mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní 1974 ni ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí lẹ́tà àti tẹlifóònù di àjọ tó dá dúró, P&T. Àkókò burúkú ló bọ́ sí. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra kébù bàbà, owó òkèèrè ni kò sì sí. Kébù tó wà nínú ilẹ̀ ń gbó, omi òjò ń wọ̀ ọ́, ìlà ń kú. Síbẹ̀, ní 1981, Ghana ṣí ibùdó sátẹ́láìtì ní Kuntunse, lẹ́yìn odi Accra. Àwo ńlá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32 dojú kọ ọ̀run. Ohùn lè ti ibẹ̀ dé Yúróòpù kí a tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní Nima kò ní wáyà tí yóò gbé ohùn rẹ̀ dé Kuntunse. (Àwo náà ṣì wà. Nígbà tí kébù abẹ́ òkun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ìràwọ̀. Wọ́n ṣí i ní 2017. Mo fẹ́ràn ìyẹn.)

Nígbà tí 1990 fi máa wọlé, nínú ènìyàn 1,000 ní Ghana, bíi mẹ́ta ló ní ìlà tẹlifóònù, Accra ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ọmọ Nàìjíríà má rẹ́rìn-ín: nígbà tí GSM fi máa dé ní 2001, ìlà NITEL tó ń ṣiṣẹ́ kò tó 500,000 fún ènìyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn ará Accra kọ́kọ́ rí kì í ṣe fóònù alágbèéká. Lóòótọ́ Mobitel ti bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ṣùgbọ́n ta ló lówó rẹ̀? “Comm centre” ni wọ́n rí. Ẹnì kan á ní ìlà kan tàbí méjì, á fi páákó pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí yàrá tóóró-tóóró, á gbé aago sí i, á sì máa ta ìṣẹ́jú. Àdúgbò odindi sọ wáyà ilé kan di ti gbogbo wọn, wọ́n jọ san owó tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá san. Ohun tí Auntie àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, tí wọ́n wá fi owó lé. Nígbà tí fóònù alágbèéká wá pọ̀, àwọn olówò yìí kan náà gbé tábìlì àti agbòòrùn bọ́ sétí títì, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní “space-to-space”.

Ìjọba náà gbìyànjú. Ní 1996 wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ aláṣẹ NCA sílẹ̀, wọ́n ta ìdá 30 nínú 100 Ghana Telecom fún ẹgbẹ́ kan tí Telekom Malaysia ṣáájú, ní mílíọ̀nù 38 dọ́là. Wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ kejì, Westel, ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò fa ìlà 50,000 láàárín ọdún márùn-ún. Èyí tí Westel fà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye náà. NCA bu ìtanràn mílíọ̀nù 71 dọ́là lé e lórí. Mo ka ìtanràn náà sí ìjẹ́wọ́: iye tí ìjọba gbà pé ará ìlú pàdánù nìyẹn, àmọ́ ìtanràn kì í fa wáyà. Ní 2008, Vodafone san mílíọ̀nù 900 dọ́là fún ìdá 70 Ghana Telecom. Ní 2023 ó bọ́ sọ́wọ́ Telecel. Ní gbogbo ìgbà tí ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, wáyà bàbà inú rẹ̀ kò jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fo nǹkan kan. Ẹni tí wọn kò gbé àwo ka iwájú rẹ̀, a kì í sọ pé ó kọ oúnjẹ. Láti 1892 ni wọ́n ti ń sọ fún ará Accra pé wáyà kò tíì kàn án, nígbà tí fóònù tí kò nílò wáyà sì dé, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ fún un. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, èmi náà ì bá má lè máa ṣiṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń pè é ní ọgbọ́n wa, ẹni tó jẹ wá ní gbèsè náà ti lọ ní ọ̀fẹ́.

Gbèsè náà sì wà. Lásìkò dumsor, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe kí iná máa lọ kó máa bọ̀, fóònù alágbèéká kú nígbà tí bátìrì rẹ̀ tán. Fóònù orí wáyà kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, nítorí láti ojúkò ni iná rẹ̀ ti ń wá. Wáyà bàbà yẹn kan náà ni wọ́n fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì ADSL wọlé fún ìwọ̀nba ènìyàn, àwọn tí ilé wọn kò jìnnà sí ojúkò. Àwa yòókù ń ra dátà níwọ̀n-níwọ̀n, bí ẹni ń ra epo ní ìgò.

SAT-3, MainOne, Glo-1, WACS àti ACE wà lára àwọn kébù abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ sí etíkun Ghana. Nígbà tí mẹ́rin nínú wọn já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, gbogbo wa la gbọ́. Báńkì dúró, Èkó pariwo, Accra pariwo, àwọn mínísítà sọ̀rọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpópónà tiwa, kébù tó já kọ́ ni wàhálà wa lọ́jọ́ 13 oṣù náà, kì í sì í ṣe òun ni lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe.

Ní oṣù tó kọjá mo pe ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo ní mo fẹ́ fáíbà sí ilé. Ọmọbìnrin tó gbé e fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn. Ó béèrè àdírẹ́sì, ó wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kébù àwọn ti dé òpópónà tó wà lẹ́yìn wa, níbi tí àwọn ọ́fíìsì pọ̀ sí, kò tíì kan tiwa. Mo béèrè ìgbà tí yóò dé. Ó ní òun kò lè sọ, kí n fi nọ́ńbà mi sílẹ̀, wọ́n á pè mí.