Ta Ni Onílé? Ìtàn Ìnáwó sórí Ìdènà Àgbàrá àti Òkun ní Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nínú agboolé kan, ìtumọ̀ òwe yìí kò ta kókó: ẹni tó ni ilé ni yóò la ojú àgbàrá, òun náà ni yóò sì náwó sí i. Ní ìlú tí òkun àti ọ̀sà yí ká bí Èkó, ọ̀rọ̀ náà díjú. Omi tó ṣàn kúrò ní àgbàlá ẹnìkan ni yóò ya ilé ẹlòmíràn. Ta wá ni onílé níbẹ̀, ta ni yóò sì sanwó? Ìtàn ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún fi hàn pé owó kì í wọ́n nígbà tí ilẹ̀ títà bá wà nídìí iṣẹ́. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kò mú ilẹ̀ wá, bíi kíkó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà, ni kò rí alátìlẹ́yìn.

William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, jẹ́ oníṣègùn. Lójú rẹ̀, àbàtà ni ibùgbé ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà kiri. Ó mú kí wọ́n gbẹ àbàtà, kí wọ́n sì la odò àtọwọ́dá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Kò fara mọ́ ìmọ̀ràn pé kí wọ́n ya ibùgbé àwọn Òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò ní ti àwọn ọmọ ìlú. Ìlú lápapọ̀ ni ó fẹ́ wẹ̀ mọ́. Inú àpò ìjọba ni owó ti jáde, owó ibodè lórí ọtí àti àwọn ọjà òkè òkun ló sì ń kún àpò náà jù. Ará ìlú ń sanwó nídìí ìgò ọtí, kò sì sí ẹni tó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti gbà á.

Ìgbà tí ìjọba fẹ́ kan ilẹ̀kùn ni ìjà dé. Ní 1908, wọ́n gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, kí àwọn onílé sì máa san owó rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrisadipẹ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti tako ètò yìí. Àwọn ará ìlú ní kànga àti omi òjò tó àwọn, wọ́n sì ní àwọn Òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní omi tuntun náà. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1915, síbẹ̀ ìlú tún dàrú lórí owó omi ní 1916. Òtítọ́ ni pé omi mímu ni wọ́n ń jà lé lórí, kì í ṣe àgbàrá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àríyànjiyàn náà gbé kalẹ̀ kan iṣẹ́ ìlú gbogbo: ṣé ẹni tó ń sanwó ni yóò jẹ àǹfààní?

Ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924. Ní 1928, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ yìí kó iyanrìn sínú àbàtà ní Erékùṣù Victoria àti apá kan Ìkòyí, ó sì pín ilẹ̀ tó yọ jáde fún àwọn tó lè sanwó. Ilẹ̀ ń san owó ara rẹ̀. Àmọ́ àbàtà wọ̀nyí ni ibi tí omi òjò ti ń sinmi kó tó wọ ọ̀sà.

Ti òkun náà tẹ̀lé ipa kan náà. Láti 1908 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun kí ọkọ̀ ńlá lè wọ èbúté. Ògiri náà dá iyanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etíkun Bar Beach ní apá ìlà-oòrùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ń da iyanrìn síbẹ̀, òkun sì ń kó o lọ. Nígbà tó yá, ètò Eko Atlantic gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ aládàáni: kí ó mọ ògiri tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 8.5, kí ó sì ta ilẹ̀ tuntun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo nítòsí ibẹ̀, ó sì gbẹ̀mí ènìyàn. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru iṣẹ́ ògiri. Àwọn tó ń ṣe é kò gbà.

Gọ́tà ńkọ́? Láti àárín àwọn ọdún 1980, apá ará ìlú ni ìjọba fi rọ́pò owó: ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, olúkúlùkù ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ní 2015 pé kò tọ̀nà láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó sì fòpin sí i ní 2016. Owó àkànṣe tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ láti 1981 fún ìbàjẹ́ àyíká wà, ṣùgbọ́n àwọn tó jìnnà sí gọ́tà ló ń pín in. Ọjọ́ 10 oṣù keje 2011, tí òjò sọ òpópónà di odò, fi hàn bí àlàfo náà ṣe tó. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi kún owó ilẹ̀ lílò ní 2018, ariwo ta títí wọ́n fi dín in kù.

Ohùn 1908 ni ariwo yẹn tún jọ. Ẹni tí wọ́n ní kó sanwó fẹ́ mọ ibi tí owó yóò balẹ̀ sí. Ògiri òkun rí ẹni náwó sí i nítorí pé ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn gọ́tà Mushin tàbí Ajégúnlẹ̀, ènìyàn ló wà. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà nìkan, tí àdúgbò ń rí ìṣirò rẹ̀, lè jẹ́ kí ará ìlú gbà pé òun ni onílé. Bí kò bá sí onílé tí kò ní gbà, òwe náà ti sọ ohun tí àgbàrá yóò ṣe.